Béèrè Lọ́wọ́ Wa: Kíláàsì, Máàkì àti Eré Ìdárayá ní Iléèwé Àárín ní Texas

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ láti Houston àti àyíká rẹ̀, ibì kan náà ni gbogbo wọn sì forí lé: iléèwé ìjọba láti kíláàsì kẹfà dé ìkẹjọ, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní middle school. Òfin Texas la fi dáhùn. ISD kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àjọ tó ń darí àwọn iléèwé ìjọba ní agbègbè kan, lè fi tirẹ̀ lé e, nítorí náà ẹ gbé ìwé òfin iléèwé ọmọ yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ẹ bá kà níbí.

Ẹ kú iṣẹ́, olóòtú. Ọmọ mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn. Ọmọ ọdún méjìlá ni, ó sì ti parí JSS2. Wọ́n ní kíláàsì keje làwọn máa fi í sí. Ṣé wọn kò fà á sẹ́yìn báyìí? Ìwé wo gan-an ni kí n kó lọ? (Ìyá kan, Katy)

Ẹ má tíì bá wọn jà, Mà. Ọjọ́ orí ọmọ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò níbí: ẹni tó bá pé ọdún mẹ́fà lọ́jọ́ náà ń wọ kíláàsì kìíní, ẹni tó bá pé méjìlá ń wọ ìkeje. Bí a bá fi ètò 6-3-3-4 ti Nàìjíríà kà á, ọmọ tó parí JSS2 ló yẹ kó bọ́ sí kíláàsì kẹsàn-án. Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ ló fo Primary 6 nílé, ibẹ̀ ni ìwé ti ṣíwájú ọjọ́ orí. Ẹ kó èsì ìdánwò JSS1 àti JSS2 tó ní òǹtẹ̀ iléèwé dání, kí ẹ sì ní kí wọ́n dán an wò. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbé e sí ìkẹjọ. Kẹsàn-án ni a kò ní gbà yín nímọ̀ràn láti dù. Láti kẹsàn-án ni máàkì ti ń wọnú ìwé tí yunifásítì máa béèrè, ọmọ tí etí rẹ̀ kò tíì mọ́ ohùn àwọn olùkọ́ ibí kò sì yẹ kó fi ọdún ìfojúsọ́nà yẹn kọ́ bí nǹkan ṣe ń lọ.

Ní ti ìwé: ìwé ẹ̀rí ìbí láti NPC tàbí ìwé ìrìnnà ọmọ, ìwé tó fi ibi tí ẹ ń gbé hàn, bí àdéhùn ilé tàbí bíìlì iná, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti èsì iléèwé. Bí kò bá tíì pé, òfin fún yín ní 30 ọjọ́ lẹ́yìn tí ọmọ bá ti wọlé láti kó ìyókù wá. Wọn kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ físà dí ọmọ lọ́nà. Láti Tyler ní Texas yìí gan-an ni ẹjọ́ Plyler v. Doe ti gbéra dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ, tí wọ́n sì dá a lọ́dún 1982 pé ọmọ kò gbọdọ̀ pàdánù iléèwé ìjọba nítorí ìwé ìgbélùú. Bí kò bá ní nọ́ńbà Social Security, ìjọba máa fún un ní nọ́ńbà mìíràn.

Abẹ́rẹ́ ló sábà máa ń dá àwọn ọmọ tó ń ti ilé bọ̀ dúró. Abẹ́rẹ́ ìgbóná èéyi nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn gbà nílé, Texas sì fẹ́ MMR, tó pa ti èéyi, mumps àti rubella pọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n tún fẹ́ ti chickenpox ẹ̀ẹ̀mejì àti ti hepatitis A ẹ̀ẹ̀mejì, kíláàsì keje sì ní Tdap kan (ti ipá, gbọ̀fungbọ̀fun àti ikọ́ àwúbì) àti MCV4 kan (ti yírùnyírùn) tirẹ̀. Abẹ́rẹ́ yírùnyírùn tí wọ́n gbà nígbà ìpolongo ní Nàìjíríà kì í sábà jẹ́ MCV4, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wo orúkọ tó wà lórí káàdì. Bí ọmọ bá ti ṣe chickenpox rí, ẹ lè kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ sì fọwọ́ sí i dípò abẹ́rẹ́. Kò pọn dandan kí gbogbo ẹ̀ pé lọ́jọ́ kan: bó bá ti gba ẹyọ kan nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan, wọ́n lè gbà á wọlé kó máa gba ìyókù nígbà tó bá tó. Ọmọ tí kò ní ìṣúra ìlera lè gba tirẹ̀ lábẹ́ ètò Texas Vaccines for Children.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n yín tó ń gbé níbi tí iléèwé ti dára jù, bí ẹ kò bá gbé níbẹ̀. Bí ó bá hàn, wọ́n lè bu owó iléèwé gbogbo ọjọ́ tí ọmọ lò níbẹ̀ lé yín lórí. Bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n lẹ ń gbé lóòótọ́, ẹ béèrè fọ́ọ̀mù ìbúra tí onílé máa fọwọ́ sí.

Fọ́ọ̀mù kan ń béèrè èdè tí a ń sọ nílé. Ọ̀rẹ́ mi ní bí mo bá kọ Yorùbá, wọ́n máa kó ọmọ mi sí kíláàsì àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ni kí n kọ? (Bàbá kan, Richmond)

Ẹ kọ Yorùbá bó bá jẹ́ Yorùbá lẹ ń sọ. Fọ́ọ̀mù yẹn kò fi ọmọ sí kíláàsì kankan fúnra rẹ̀. Ìdánwò ló ń pè wá. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ọmọ bá wọlé, wọ́n máa dán gbígbọ́, sísọ, kíkà àti kíkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wò. Bó bá yege, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bí kò bá yege, ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní LPAC máa dábàá ìrànlọ́wọ́, ẹ̀yin ni ẹ sì máa fọwọ́ sí i kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè kọ̀. Ohun tí ẹ kò lè kọ̀ ni ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní TELPAS, tó máa ń ṣe lọ́dọọdún títí wọ́n á fi yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

Àwọn òbí tó kọ “Gẹ̀ẹ́sì” láti yẹra fún wàhálà máa ń padà wá béèrè pé kí ló dé tí ọmọ fi ń yege ní ìṣirò ṣùgbọ́n tó ń kùnà ní ìmọ̀ àwùjọ. Gẹ̀ẹ́sì ìwé kíkà ló ń dà á láàmú, ẹ̀yin lẹ sì ti ilẹ̀kùn ìrànlọ́wọ́ mọ́ ọn.

Ọmọbìnrin mi mọ ìṣirò gan-an, kíláàsì kẹfà ló ń wọ̀. Kí ni Algebra I tí àwọn òbí ń sọ yìí? (Ìyá Ìbejì, Missouri City)

Ọ̀rọ̀ yìí gba kí ẹ fara balẹ̀, torí ohun tí wọ́n bá pinnu ní kẹfà ló ń darí rẹ̀ dé ìparí girama.

Ọ̀nà méjì ni ìṣirò ní. Ní ọ̀nà àkọ́kọ́, ọmọ ń kọ́ ti kẹfà ní kẹfà, ti keje ní keje, ti kẹjọ ní kẹjọ. Ní ọ̀nà kejì, wọ́n ń di ẹrù ọdún mẹ́ta sínú ọdún méjì: ti kẹfà àti ìlàjì keje lápapọ̀, lẹ́yìn náà ìyókù keje àti ti kẹjọ, kí ọmọ lè jókòó ti Algebra I ní kíláàsì kẹjọ. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ máa ṣe Geometry ní kẹsàn-án, Algebra II ní kẹwàá, Precalculus ní kọkànlá, á sì kan Calculus ní kejìlá láìsí pé ó ń sáré. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣe ẹnjiníà máa mọ ìyàtọ̀ náà lára.

Lọ́dún 2023, Texas ṣe òfin kan, SB 2124, pé ọmọ tó bá wà nínú ìdá 40 lókè nínú ọgọ́rùn-ún ní ìdánwò ìṣirò STAAR (ìdánwò ìjọba Texas) ti kíláàsì karùn-ún, kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí ọ̀nà kejì láìdúró de ẹni tó máa béèrè. Òbí nìkan ló lè yọ ọ́. Kí òfin yìí tó dé, olùkọ́ ló ń dábàá ọmọ, tàbí òbí tó mọ ẹni tí ó yẹ kó bá sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ̀wé ló sì ṣẹ́kù sẹ́yìn. Ẹ wo èsì STAAR rẹ̀, kí ẹ wo ìwé kíláàsì rẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀. Bí ìṣirò tó wà níbẹ̀ kò bá jẹ́ ti ọ̀nà kejì, ẹ kọ ímeèlì sí olùdámọ̀ràn iléèwé ní oṣù Karùn-ún, kí wọ́n tó ti àkọsílẹ̀ pa. Ọmọ tó ń ti Nàìjíríà bọ̀ kò ní èsì STAAR rárá, tirẹ̀ sì nìyẹn tí kò ní ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀: ẹ ní kí wọ́n dán an wò.

Ohun kan wà tí àwọn òbí kì í gbọ́ títí ó fi pẹ́. Algebra I tí ọmọ bá yege ní kẹjọ jẹ́ kíláàsì girama gidi: wọ́n máa kọ ọ́ sí ìwé girama rẹ̀, ó sì ní ìdánwò ìjọba tirẹ̀. Ní àwọn ISD kan, máàkì rẹ̀ wọ GPA, ìyẹn àròpín máàkì girama. Ní òmíràn, kò wọ̀ ọ́. Ẹ béèrè kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá gba 72 nínú rẹ̀ torí pé a tì í síbẹ̀ ní tipátipá máa gbé 72 náà wọ girama. Bí ọmọ bá ń sunkún lórí ìpín àti ìdá títí di oṣù Kejìlá ní kíláàsì kẹfà, yíyọ ọ́ kúrò kì í ṣe ìtìjú.

Ọmọ mi gba 80 àti 84 ní ìdánwò ńlá méjì, síbẹ̀ 76 ni wọ́n kọ sí ojú òpó iléèwé. Ṣé olùkọ́ ń rẹ́ ẹ jẹ ni? (Bàbá kan, Arlington)

Kò jọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá òdo kan. Ọ̀pọ̀ iléèwé ń pín máàkì sí ọ̀nà méjì, ẹ jẹ́ ká ní ìdánwò ńlá kó 60 nínú ọgọ́rùn-ún, iṣẹ́ kíláàsì àti iṣẹ́ àmúrelé kó 40. 80 àti 84 papọ̀ jẹ́ 82 ní àròpín. Ìdá 60 rẹ̀ ni 49.2. Ká ní iṣẹ́ kéékèèké mẹ́rin ló wà, ó gba 90, 85 àti 95, kò sì fi ìkẹrin lé olùkọ́ lọ́wọ́ rárá, tó fi gba òdo: àròpín di 67.5, ìdá 40 rẹ̀ ni 27. Àpapọ̀ jẹ́ 76.2. Ká ní ó fi ìkẹrin lé olùkọ́ lọ́wọ́ lẹ́yìn àsìkò, tí wọ́n sì fún un ní 70 péré, gbogbo rẹ̀ ì bá jẹ́ 83.2. Máàkì méje ni iṣẹ́ kan gbé lọ.

Nítorí náà, ẹ má wo àròpín nìkan lójú òpó. Ẹ tẹ orúkọ kíláàsì náà kí ẹ rí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà M tàbí ọ̀rọ̀ missing túmọ̀ sí pé ọmọ kò tíì fi iṣẹ́ náà lé olùkọ́ lọ́wọ́, ọ̀nà àtúnṣe sì lè ṣì wà. Àyè tí kò ní nǹkan kan nínú, olùkọ́ ni kò tíì máàkì rẹ̀. Òfin Texas gbà kí ISD jẹ́ kí ọmọ tún iṣẹ́ tàbí ìdánwò tó kùnà ṣe, ṣùgbọ́n iye ọjọ́ àti iye máàkì tó lè gbà lẹ́yìn àtúnṣe yàtọ̀ láti ISD sí ISD. Ọmọ ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ bá olùkọ́. Bí ọjọ́ méjì bá kọjá láìsí èsì, kí òbí kọ ímeèlì: orúkọ ọmọ, wákàtí kíláàsì, orúkọ iṣẹ́ náà, àti ìbéèrè kan ṣoṣo. Ímeèlì gígùn tó kún fún ìbínú kì í tètè rí èsì gbà.

Kóòṣì ní ọmọ mi kò lè gbá bọ́ọ̀lù nítorí ó gba 68 ní sáyẹ́ǹsì. Òun ló sì dára jù nínú ẹgbẹ́! Ṣé kóòṣì kò lè bá a sọ ọ́? (Bàbá Kúnlé, Houston)

Kóòṣì kò lè ṣe nǹkan kan, Sà, ọ̀gá iléèwé pàápàá kò lè ṣe é. Òfin ìjọba ni láti ọdún 1984, “no pass, no play” ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Máàkì tó kéré sí 70 ní kíláàsì kan ṣoṣo ní òpin àkókò ìgbéléwọ̀n, ọmọ kò ní bá wọn díje fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kíláàsì iṣẹ́ ọnà wà nínú rẹ̀, eré ìdárayá náà wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ eléré nìkan: ẹgbẹ́ akọrin tó ń lọ díje, bándì, ẹgbẹ́ aláròyé (debate), gbogbo wọn ló kàn.

Bó ṣe ń lọ rèé. Ọmọ tó wọ kíláàsì keje tàbí ìkẹjọ lẹ́yìn tí wọ́n gbé e sókè lè kópa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹfà, wọ́n á wo máàkì. Ẹni tó bá kùnà ṣì ní ọjọ́ méje kó tó di pé ó kúrò, nítorí náà ìdíje tó bọ́ sínú ọjọ́ méje yẹn, ó lè bá wọn lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ló di pé kò sí ìdíje, ṣùgbọ́n ó lè máa bá ẹgbẹ́ ṣe ìgbáradì. Ẹ má yọ ọ́ kúrò ní ìgbáradì láti fìyà jẹ ẹ́: ọmọ tó bá pẹ́ nílé máa padà sí ẹ̀yìn ìlà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí iléèwé ṣí, wọ́n á tún wò ó. Bó bá ti tó 70 ní gbogbo kíláàsì, ọjọ́ méje míì, ó padà sórí pápá. Ẹ ṣàkíyèsí: gbogbo kíláàsì la wí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló tún sáyẹ́ǹsì ṣe tán tí Gẹ̀ẹ́sì tún já bọ́.

Iṣẹ́ àfikún tàbí àtúnṣe ìdánwò tó wọlé lẹ́yìn tí àkókò ti parí kò kà fún ọ̀rọ̀ eré, àfi bí olùkọ́ bá ti kọ “incomplete” sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹkún ọjọ́ Ajé kì í ṣe nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ méjì kí àkókò tó parí ni kí ẹ ṣí ojú òpó náà. 68 nígbà náà ṣì jẹ́ iṣẹ́ kan tó sọnù, ó ṣeé wá. Àwọn kíláàsì tí ISD kọ sílẹ̀ bí èyí tó ga ju ti gbogbo ọmọ lọ, bí ìṣirò ọ̀nà kejì, lè bọ́ lọ́wọ́ òfin yìí. Ẹ wo ìwé òfin yín, torí ìyàtọ̀ yẹn ti gba ọmọ kan tàbí méjì sílẹ̀.

Fún àwọn tí ọmọ wọn wà ní kẹfà: kò sí bọ́ọ̀lù ìdíje fún wọn lábẹ́ UIL, àjọ tó ń darí ìdíje àwọn iléèwé ní Texas, àfi ní iléèwé kéékèèké tí ọmọ kò pọ̀. Ọjọ́ orí náà ní ààlà. Ẹni tó bá ti pé 14 ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án kò lè bá ẹgbẹ́ kíláàsì keje gbá, ẹni tó bá ti pé 15 kò lè bá ti ìkẹjọ gbá. Èyí kan àwọn ọmọ tí a fà sẹ́yìn nígbà tí wọ́n dé láti ilé.

Ọmọ mi fẹ́ sá eré. AS ni. Ṣé kí n kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù, àbí wọ́n máa lé e? (Ìyá kan, Alief)

Ẹ kọ ọ́. AS kì í ṣe ìdí láti lé ọmọ kúrò nínú eré. Ṣùgbọ́n nínú ooru oṣù Kẹjọ Texas, ọmọ AS tí wọ́n ń fipá mú sá láìsinmi lè ṣubú, ó sì lè burú débi ikú. Kóòṣì tó bá mọ̀ máa jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó mu omi, kó sì dúró nígbà tó bá ní ẹsẹ̀ òun wúwo tàbí òun kò lè mí dáadáa. Ẹ sọ fún ọmọ náà pé nígbà tí iṣan bá ń rọ̀ lọ́nà tí kò mọ̀ rí, kó jókòó, bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ ń pariwo lé e lórí.

UIL fẹ́ kí dókítà tàbí òṣìṣẹ́ ìlera tó láṣẹ yẹ ọmọ wò kó tó ṣe eré ìdíje ní ọdún àkọ́kọ́ ní iléèwé àárín, kí òbí sì kọ ìtàn ìlera tuntun lọ́dọọdún; ọ̀pọ̀ ISD ní kí àyẹ̀wò náà jẹ́ ọdọọdún. Ẹ ṣe é ní ìgbà ooru, nítorí láìsí ìwé yẹn, kóòṣì kò ní jẹ́ kó fẹsẹ̀ kan pápá níjọ́ àkọ́kọ́. Fọ́ọ̀mù nípa orí tó bá kanlẹ̀ àti èyí tó jẹ mọ́ ọkàn tó dúró lójijì náà gbọdọ̀ ní ọwọ́ yín. Ẹ kà wọ́n kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

A fẹ́ lọ sílé ní oṣù Kejìlá, owó bàálù sì kéré bí a bá lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìsinmi. Kí ni iléèwé lè ṣe fún wa? Ẹ sì bá mi wo ti Iléyá. (Àlhájì kan, Houston)

Iléyá rọrùn. Òfin Texas gbà kí ọmọ máa lọ sí àjọ̀dún ẹ̀sìn rẹ̀, kò kà á sí ẹni tó sá iléèwé, ó sì fi ọjọ́ kan fún ìrìn àlọ àti ọ̀kan fún àbọ̀ bí ẹ bá rìnrìn àjò fún un. Ẹ kọ lẹ́tà ṣáájú. Ìtúnu Ààwẹ̀ náà wọ inú rẹ̀. Bákan náà ni ọjọ́ tí ọmọ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba nítorí ìwé ìbéèrè fún ìjẹ́-ọmọ-ìlú rẹ̀, àti ọjọ́ ìbúra rẹ̀ gan-an. Ọmọ tó lọ rí dókítà, bó bá padà dé lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ìwé dókítà, wọ́n á kà á sí ẹni tó wá.

Ti oṣù Kejìlá ni kò rọrùn. Owó bàálù tó kéré kì í ṣe àwáwí tí òfin mọ̀. Ìsansí mẹ́wàá tí kò ní àwáwí láàárín oṣù mẹ́fà, ìdajì ọjọ́ pàápàá ń kà nínú wọn, lè gbé ọmọ tó ti pé ọdún méjìlá dé ilé ẹjọ́ àwọn tó ń sá iléèwé. Òbí náà lè jẹ̀bi: owó ìtanràn ìgbà àkọ́kọ́ lè tó 100 dọ́là, ó sì lè gòkè dé 500. Ṣáájú ìyẹn, ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti tó fún iléèwé láti kọ̀wé ìkìlọ̀ sí yín.

Òfin kejì tún wà lọ́tọ̀. Ọmọ gbọdọ̀ wá sí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ọjọ́ tí kíláàsì fi ṣí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní gba máàkì ìparí. Bí kíláàsì bá ṣí fún ọjọ́ 172, ìsansí 17 ló lè ní. Ìsansí tó ní àwáwí náà wà nínú 17 yìí, àyàfi irú àwọn ti òfin dárúkọ bí àjọ̀dún ẹ̀sìn. Ọ̀sẹ̀ méjì yín ti gbé mẹ́wàá lọ, otútù oṣù Kejì kò sì tíì dé. Ẹni tó bá kọjá 17 máa lọ bá ìgbìmọ̀ ìwásíkíláàsì, wọ́n sì lè ní kó wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Àwọn òbí kan máa ń yọ orúkọ ọmọ kúrò kí wọ́n lè padà fi sílẹ̀ ní oṣù Kìíní. Ó lè pa kíláàsì bándì tàbí ìṣirò tí ọmọ wà rẹ́, bí àyè bá ti kún. Ohun tó dáa ni kí ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì fún alẹ́ ọjọ́ tí iléèwé bá pa, kí ẹ sì padà kí ó tó ṣí. Owó tó lé lórí rẹ̀ wọ́n, a mọ̀. Bó bá di dandan kí ẹ lọ ṣáájú, ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá iléèwé ní oṣù Kẹwàá, kí ẹ má ṣe sọ fún olùkọ́ kan ṣoṣo, kí ẹ sì wo ọjọ́ ìdánwò ìdajì ọdún, torí ó sábà máa ń wà ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn.

Ọmọ mi yan clarinet fún bándì. Ṣé kí n rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Mo rí èyí tó kéré lówó gan-an. (Ìyá kan, Sugar Land)

Ẹ má rà á. Irin àwọn olówó pọ́ọ́kú wọ̀nyẹn rọ̀, wọ́n máa ń tẹ̀, ọ̀pọ̀ alátùn-únṣe kì í sì fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ yá a lóṣooṣù nílé ìtajà tí olórí bándì dárúkọ, irú èyí tí owó yíyá ń wọnú owó rírà. Ẹ béèrè owó ìdáàbòbò bó bá fọ́. Ó tọ́ sí ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ohun èlò ńlá bíi tuba àti euphonium, iléèwé ló sábà ń ní wọn, wọ́n á gba owó díẹ̀ lọ́dún. Àwọn òbí tí owó kò tó máa ń sọ fún olórí bándì kí ọmọ yan ọ̀kan nínú wọn, ìyẹn kò sì burú, torí àwọn tó ń fun wọn kì í pọ̀.

Texas fẹ́ kíláàsì iṣẹ́ ọnà kan ó kéré tán láàárín kẹfà sí kẹjọ, àti ìdajì ọdún mẹ́rin ti eré ìdárayá, nítorí náà bándì àti eré ń wọ àkọsílẹ̀ kan náà láìjà. Ohun tó máa ń jà ni bándì àti kíláàsì Spanish tó ń kà fún girama. Ẹ yàn ní oṣù Kejì tàbí Kẹta nígbà tí fọ́ọ̀mù bá jáde.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe. Ìgbáradì bọ́ọ̀lù máa ń parí ní aago mẹ́fà, iléèwé sì ti gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ bí wọ́n bá sún aago? (Nọ́ọ̀sì kan, Houston)

Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2025-2026, òfin HB 1481 kò jẹ́ kí ọmọ lo fóònù láàárín àkókò iléèwé ní gbogbo Texas. Lẹ́yìn aago ìparí, ISD yín ló máa sọ. Ẹ ní kí kóòṣì fi nọ́ńbà yín sínú ìfìránṣẹ́ ẹgbẹ́ tó máa ń lò fún àwọn òbí, kí ẹ sì béèrè bóyá bọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́ wà, torí kì í ṣe gbogbo iléèwé ló ní in. Nínú àkọsílẹ̀ ọ́fíìsì, ẹ kọ orúkọ ẹni méjì mìíràn tó lè wá mú ọmọ. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, tí kò sì mú káàdì ìdánimọ̀ dání, wọn kò ní fi ọmọ lé e lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ àbúrò yín gan-an.